Orúnkún Àfẹ́sọ́nà

Ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ko ìfẹ́ lọ́nà. Ní ti àwọn méjì yìí, orúnkún ṣòkòtò ló mú wọn pàdé.

Onítáìsì ni ọkùnrin náà. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ló ń wà nínú yàrá tí wọn ò tíì kùn lọ́dà, tí yóò máa tẹ́ táìsì sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa fi òòlù onírọ́bà lù ú jẹ́jẹ́ títí tí ọ̀kan ò fi ní ga ju èkejì lọ. Ṣòkòtò oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ya. Lọ́jọ́ kan ó di bíi mélòó kan jọ, ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́.

Ọmọbìnrin náà tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ó yẹ èkíní wò, ó yẹ èkejì wò, ó wá gbójú sókè.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹsẹ̀ òsì nìkan lẹ fi ń kúnlẹ̀ ni?"

"Kí lẹ rí?"

"Orúnkún òsì ti ya tán lára gbogbo wọn. Tọ̀tún ń dán bí ìgbà tẹ́ ẹ rà á. Àbí ọmọ ọba ni tọ̀tún ni, tí ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀?"

Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Dípò ẹ̀rín, àyà rẹ̀ já. Àṣírí tó ti ń bò mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lójú, tó ń bò mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú, tó ń bò mọ́ ìyá tó bí i lójú, ọmọ tí kò mọ̀ rí ló kà á lára ṣòkòtò bí ẹni ka ìwé.

Kí nǹkan tó dà bẹ́ẹ̀, eléré ìje ni. Kí oòrùn tó yọ ló máa ń sáré yípo àdúgbò kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹtu ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lójú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, orúnkún ọ̀tún sì yí. Ó wú, ó rọ̀. Bó ṣe rọ̀ báyìí ni Ẹtu tún bẹ́ sójú ọ̀nà, kò bi ẹsẹ̀ léèrè. Ó tún wú. Ó sinmi díẹ̀, ó tún sáré. Ẹsẹ̀ tún kọ̀. Ìkánjú rẹ̀ yìí ló sọ ìrora oṣù kan di ti ọdún méjì. Nígbà tó yá, àtẹ̀gùn ilé di ọ̀tá fún un, àga tó bá sún mọ́ ilẹ̀ di ìdẹkùn. Onítáìsì tí kò lè kúnlẹ̀, kí ló tún kù tó jẹ́? Ìdí nìyẹn tó fi di orúnkún náà ní báńdéèjì lábẹ́ ṣòkòtò, tó gbé gbogbo ara lé ẹyọ kan. Ẹni tó bá bi í pé ẹsẹ̀ ńkọ́, "Ó ti jiná" ni ìdáhùn. Ó ti sọ ọ́ títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu bí "ẹ káàárọ̀".

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí kò béèrè bí ẹni tó ń káàánú. Ó mú abẹ́rẹ́ dání, ó ń dúró de èsì bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ó ń dùn mí," ni ohun tó jáde lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti di ẹni tí kì í jẹun láì béèrè ara wọn. Aránṣọ ló fà á lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ àti eegun ní ọsibítù. Obìnrin náà tẹ orúnkún síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní kò sí ohun tó já níbẹ̀. Ìwàǹwára ló ń ṣe é.

"O máa sáré padà," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn lo máa ṣe é. Rìn láti òpó iná kan dé èkejì. Sáré jẹ́jẹ́ dé èyí tó tẹ̀ lé e. Tún rìn. Má wo aago, má wo ẹni tó ń kọjá ẹ. Ẹsẹ̀ rẹ ni kó o máa gbọ́. Ìrora tó bá jókòó síbì kan tó dákẹ́, ẹ lè jọ máa lọ. Èyí tó bá ń pọ̀ sí i, dúró. Mo ní kó o dúró o, mi ò ní kó o fara dà á."

"Ṣé ẹ gbọ́, Bọ̀dá Ẹtu?" aránṣọ béèrè. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ di ìgbín."

Pápá ilé-ìwé kan wà lẹ́yìn òpópónà wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ọmọ tó dé. Kò sẹ́ni tó mọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba ọkùnrin náà nígbàkígbà tó bá fẹ́ yí ìrìn padà sí eré. Ẹsẹ̀ òsì á lọ tìgboyà-tìgboyà. Tọ̀tún á dúró lójú afẹ́fẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọ odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó. Á ti gbọ́ ìró ohun tí kò tíì já. Á ti rí ara rẹ̀ nílẹ̀, á ti rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ tí nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀ ni yóò tó rántí pé ó yẹ kóun mí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ìṣísẹ̀ tó kàn á tún bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú sálúbàtà. Ìrìn tirẹ̀ àti eré ọkùnrin náà jọ ń dọ́gba.

"Wò ó, ìgbín kan ti kọjá wa," á ní.

"Jẹ́ kó máa lọ. Ṣebí ó ti gbé ilé rẹ̀ dání, ibo ló tún ń kánjú lọ?"

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Tó bá jẹ́ pé bí mo ṣe máa wà nìyí ńkọ́? Tí mi ò bá sáré ju báyìí lọ mọ́ láyé mi?"

"Ṣé eré lo fẹ́ fi bọ́ mi ni?"

"Mò ń sọ pé ká fẹ́ra ni."

Ọmọbìnrin náà dúró. "Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn? O kọ́kọ́ sọ ti orúnkún kó o tó sọ tèmi?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lójú rẹ̀. "Lọ bá bàbá mi. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, èmi nìkan ló kù sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tí wọn ò bá fọwọ́ sí, mi ò lè fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn ẹ o. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é."

Onígbàjámọ̀ ni bàbá náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ń gé irun, sísọ́ọ̀sì nìkan lèèyàn ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí àfẹ́sọ́nà kọ́kọ́ wọlé, bàbá nawọ́ sí àga tìmùtìmù kan tó lọ sílẹ̀ bí ẹní. Kò sí òmíràn nítòsí. Onítáìsì jókòó. Bí orúnkún ọ̀tún ṣe tẹ̀, ó gbọ́ ohun tó ṣe kẹ́ nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti há.

Wọ́n sọ̀rọ̀ iṣẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ ìdílé. Nígbà tó tó àkókò láti dìde, ó fi ọgbọ́n ti ara rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ kọ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Kí ló máa ṣe? Ó tún béèrè ọ̀rọ̀.

"Sà, ẹ ní láti kékeré lẹ ti ń gé irun?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni."

"Ẹ ò tíì sọ irú irun tí wọ́n ń gé nígbà náà."

Bàbá sọ ọ́. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń pọ́n abẹ. Bàbá sọ ọ́. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti ra dígí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó jáde, ó tún wọlé, ó ń fojú bi í pé kí ló ń ṣe ẹ́. Oúnjẹ bàbá tutù sórí tábìlì.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," bàbá ní níkẹyìn, "ṣé o fẹ́ máa bá wa gbé ni?"

"Rárá, sà. Ọ̀rọ̀ yín ló dùn."

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí." Bàbá dìde, ó wò ó títí, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Aránṣọ sáré wọlé, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá, ó fà á tu bí ẹni fa èèkàn. Nígbà tí wọ́n wẹ̀yìn, bàbá ti padà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ránṣẹ́ pe onítáìsì pé kó wá fá irùngbọ̀n.

Ó gbé e jókòó síwájú dígí, ó da aṣọ funfun bò ó lọ́rùn, ó fi ọṣẹ pa á lágbọ̀n. Abẹ náà tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí etí, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lọ́nà ọ̀fun.

"Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Onítáìsì wo dígí. Ó rí abẹ, ó rí ojú bàbá lókè abẹ. Tóun bá sọ òótọ́ ńkọ́? Bàbá wo ló máa fa ọmọ rẹ̀ lé ẹni tí kò lè dá dìde lórí àga lọ́wọ́?

"Ó ti jiná, sà."

Abẹ dúró. Kò kúrò, kò sì tẹ̀ síwájú. Onítáìsì ò lè gbé itọ́ mì nítorí ibi tó dúró sí.

"Kò dùn ẹ́ rárá?"

"Rárá, sà. Ó ti lọ."

Ohun kan kọjá lójú bàbá nínú dígí, bí ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú. Ó fá ìyókù tán, ó nu ọrùn náà mọ́ tónítóní, ó ká aṣọ.

"Ọmọ mi ò sí fún ẹ," ó ní. "Máa lọ."

Aránṣọ ń wa máṣíìnì nígbà tó wọlé bá a. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ọmọbìnrin náà ò dá ẹsẹ̀ dúró.

"O purọ́ fún wọn."

"Abẹ wà lọ́rùn mi!"

"Tí abẹ ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ lo máa sọ?"

Ó fọwọ́ pa ọrùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bi ẹ́, o sọ fún mi. Mo rò pé bó o ṣe rí nìyẹn." Òwú já. Ó fẹ́ ki í bọ ojú abẹ́rẹ́ padà, kò rí i kì. "Má dúró dè mí ní pápá lọ́la."

Ó dúró dè é síbẹ̀síbẹ̀, kò wá. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, inú bí onítáìsì, kò rìn rárá. Ó kàn gbéra, ó ń sáré bí Ẹtu àtijọ́, bí ẹni pé bóun bá yára tó, òun á bá ọmọbìnrin náà níwájú. Kò tíì dé ìdajì pápá tí orúnkún fi gbaná. Ó dì í mú, ó jókòó sílẹ̀. Ṣé òun ti tún bà á jẹ́ nìyí? Ìyàwó ti lọ, ṣé ẹsẹ̀ náà ti ń tẹ̀ lé e?

Ibi iṣẹ́ ló wà, ó ń wo orúnkún tó ṣì gbóná, nígbà tí obìnrin kan yọ sí i. Àbúrò bàbá onígbàjámọ̀ ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Àǹtí Má-Dákẹ́.

"Ìwọ ni ọkọ ọmọ wa tó lẹ̀ mọ́ àga?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́…"

"Má bẹ̀ mí, dúpẹ́. Mo ti bá ẹ tún un ṣe. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹsẹ̀ rẹ le koko, pé o ń sáré láràárọ̀ bí ẹtu tí ajá ń lé. Mo ní kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i lọ́jọ́ Sátidé. Ó dákẹ́, dákẹ́, ó ní òun á wá!"

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ onítáìsì. "Àǹtí, ìrìn ni mò ń rìn. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń sáré."

"Díẹ̀díẹ̀ kọ́, kíákíá ni! Fò yípo pápá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ìyàwó bá ti délé, o lè máa fìdí wọ́ títí ayé, ta ló máa bi ẹ́?"

Ìrì wà lórí koríko lọ́jọ́ Sátidé náà. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Àǹtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránṣọ wá, ṣùgbọ́n ọ̀ọ́kán ló dúró sí, kò kí i, kò sì wo ibi tó wà.

Onítáìsì rò ó títí kò rí ibi tí yóò gbà. Tóun bá fò, ẹsẹ̀ lè lọ, iṣẹ́ á bá a lọ. Tóun ò bá fò, ọmọbìnrin yìí ti lọ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

"Ó ń mú ara gbóná ni!" Àǹtí kígbe.

Ó sáré díẹ̀, jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, etí rẹ̀ sí orúnkún. Ó rìn. Ó tún sáré.

"Ẹ dúró ná, ó máa fò báyìí!"

Ibi tó ti ń yí bọ̀ sápá ọ̀dọ̀ wọn ni ìrora dé. Ó kéré, ó jókòó sábẹ́ eegun. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i, ó dìde jókòó dáadáa. Ó ń pọ̀. Onítáìsì mọ bí wọ́n ṣe ń fara da irú rẹ̀. Èèyàn á fi eyín di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú nínú, á tẹjú, á máa lọ. Ọdún méjì ló ti fi kọ́ ọ. Tóun bá ti kọjá òpó góòlù yẹn, ó parí. Ta ló máa mọ̀? Ó wo ọ̀ọ́kán. Aránṣọ ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ó dúró síwájú bàbá.

"Sà, ó ń dùn mí."

"Kò dùn ún o!" Àǹtí pariwo. "Ó ń fi yín ṣeré ni!"

"Ó ń dùn mí, sà. Abẹ́ eegun níbí. Ó ń pọ̀ sí i, ìdí tí mo fi dúró nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo wá sílé yín, mi ò lè dìde. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fá irùngbọ̀n mi, mo purọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa jiná pátápátá. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí."

Ojú bàbá le bí ògiri. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí gan-an fi panu mọ́.

"Rìn," bàbá ní.

Wọ́n jọ ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàbá ń wo koríko.

"Inú máa ń run ìyá ọmọ yìí. Mo bi í, ó ní ó ti lọ. Mo rí i tó di etí tábìlì mú, mo bi í, ó ní ó ti lọ. Kò fẹ́ kí n dààmú. Nígbà tá a fi máa dé ọsibítù, dókítà ní ibo la wà látọjọ́ yìí." Ó dúró. "Ibo ni mo wà? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn."

Onítáìsì náà dúró tì í.

"Tó o bá tiẹ̀ ń fi igi rìn, mo lè fún ẹ lọ́mọ. Ẹsẹ̀ rẹ kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ẹni tó máa jókòó ti ọmọ mi, tí nǹkan á máa jẹ ẹ́ lára, tí á máa sọ pé ó ti lọ, òun ni mò ń sá fún. Ọmọ náà ti rí i lẹ́ẹ̀kan."

"Sà, mo ṣèlérí…"

"Má ṣèlérí fún mi. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè ṣèlérí ohunkóhun." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn. "Ní káwọn òbí rẹ wá rí mi. Kẹ́ ẹ má kánjú. Orúnkún yẹn ni kó o kọ́kọ́ sinmi."

"Ṣé ẹ rí i?" Àǹtí ti dé ẹ̀yìn wọn. "Èmi ni mo ṣe é! Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ wá!"

"Má-Dákẹ́," bàbá ní, "jọ̀ọ́, dákẹ́." Ó fà á lọ́wọ́, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà pápá lọ.

Onítáìsì jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọọrọ. Ó gba ọmọbìnrin náà ní àkókò kó tó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ púpọ̀?"

"Ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti bà á jẹ́. Inú mi ò balẹ̀." Ó wò ó lójú. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ti ṣe jẹ́?"

"Èmi ni gbogbo yín ń bi. Ìwọ lò ń tọ́jú bàbá, ìwọ lò ń rìn tẹ̀ lé mi láràárọ̀. Mi ò bi ẹ́ rí, mi ò sì rí ẹni tó bi ẹ́. Ìwọ ńkọ́, níbo ló ń dùn ẹ́?"

"Kò sí…" Ọ̀rọ̀ náà dúró sí i lẹ́nu. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà lọ. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí koríko tútù, ó fa orúnkún méjèèjì mọ́ àyà. Ọkùnrin náà kò kán an lójú.

"Ọjọ́ tí màmá mi kú," ó ní, "èmi ni mo kọ́kọ́ wọ yàrá wọn. Ẹ̀rù ohun tí mo bá níbẹ̀ ṣì ń bà mí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Onítáìsì di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì sọ fún un pé kó má bẹ̀rù.